Láìtì àbí Dáàkì?

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta pẹ́ńtì, ìbéèrè méjì ló máa kọ́kọ́ pàdé. Èkíní ni pé èló ló mú wá. Èkejì, tó bá ti lè sọ pé àwọ̀ ewé lòun ń fẹ́, ni "Láìtì àbí dáàkì?" Ìbéèrè yìí dà bí ohun tí a lè dáhùn lórí ìdúró, ká sanwó, ká gbé garawa wa, ká máa lọ. Nínú ẹbí tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi fà á. Ìdí ni pé yàrá tí a fẹ́ kùn kì í ṣe yàrá àlejò. Yàrá ìyá àgbà ni, ìyá tó bí ìyá mi, ojú ìyá àgbà ò sì ríran dáadáa mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ló ń wá yàrá níta ọgbà lọ́wọ́. Àwọn tó ti ṣáájú wa jáde náà ti ń kọ́lé, tàbí kí wọ́n máa tún ilé àwọn òbí wọn ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lè ṣe yín láǹfààní, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí yàrá náà ṣe rí. Ìbàdàn ni ilé náà wà, ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára lẹ́yìn náà. Yàrá ìyá àgbà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fèrèsé ọ̀hún sì dojú kọ ògiri ilé kejì. Àlàfo tó wà láàárín ilé méjèèjì kò ju ibi tí ẹnì kan lè gbà kọjá lọ. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó sínú yàrá nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn níta. Ní ti iná mànàmáná, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.

Ojú ìyá àgbà wá ńkọ́? Ti ọ̀tún ní kàtáráàtì, ìyẹn ni pé dígí tó wà nínú ẹyinjú ti ṣú bí gíláàsì àtùpà tí èéfín ti bà jẹ́. Dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún èyí, ó yọ dígí tó ṣú, ó fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ti òsì ní gulọkómà, àìsàn tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ohun tí gulọkómà bá ti mú lọ kò ṣeé gbà padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́, ìyókù tó ṣẹ́ kù ló ń ṣọ́. Ohun tí mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ni gulọkómà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran. Èèyàn á rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kò ní rí èyí tó wà lápá òsì rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kó yé mi ìdí tí ìyá àgbà fi fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Lẹ́yìn ìkejì, ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ àwọn l'Ékòó. Ìyá àgbà ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, inú yàrá yìí ni mò ń sùn. Ṣé ọjọ́ ogbó mi ni màá wá di àyálégbé?" Níkẹyìn, ẹbí fi ẹnu kò sí ibì kan: kí a tún yàrá náà ṣe, kí a sì máa wò ó títí di ọdún tuntun. Bí wọ́n bá tún fara gbá nǹkan, Èkó yá. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ pẹ́ńtì kọjá ọ̀rọ̀ oge.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní London, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dádì London, ló ní òun máa gbé owó rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni ìyá àgbà fẹ́ràn, nítorí náà a ò jiyàn lórí ìyẹn. Dádì London ní dáàkì ni kí a kùn, èyí tí káàdì àwọ̀ pè ní bọ́tù gíríìnì. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n sọ, mi ò sì lè pe ọ̀kankan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ òfìfo.

Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí. Láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dé ẹnu ọ̀nà, níbi tó ga tó ìbàdí, ìlà dúdú kan wà lára ògiri tó ti jẹ́ kírímù tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń fọwọ́ tọ́ tí wọ́n bá ń rìn, ọwọ́ tó ti mú ẹ̀kọ, tó ti fi àdí para. Dádì London rí ìlà yìí lórí fídíò WhatsApp, inú bí wọn gan-an. "Ṣé inú ìdọ̀tí lẹ ń jẹ́ kí ìyá mi máa gbé?" Ìdí kejì ni pé pálọ̀ tiwọn ní London, àwọ̀ ewé tó ṣú ni wọ́n kùn ún, wọ́n ní bí àwọn bá ti ibi iṣẹ́ dé tí àwọn jókòó sínú rẹ̀, ọkàn àwọn máa ń balẹ̀. Ìdí kẹta ni pé láìtì yẹn jọ ti ọsibítù, ìyá àgbà sì ti rí ọsibítù tó.

Láìtì ni èmi fara mọ́. Físíìsì ni mò ń kà, nítorí náà ìṣirò ni mo kọ́kọ́ gbé jáde. Kò sí pẹ́ńtì tí kì í dá díẹ̀ padà nínú ìmọ́lẹ̀ tó bá lù ú, tí kì í sì gbé ìyókù mì. Àwọn tó ń ṣe pẹ́ńtì máa ń fi nọ́ńbà sọ èyí, láti 0 dé 100. 0 ni dúdú tó gbé gbogbo rẹ̀ mì, 100 ni funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká ní láìtì tiwa jẹ́ 60, kí dáàkì jẹ́ 10. Bí ìmọ́lẹ̀ 100 bá gba ojú fèrèsé wọlé tó lu ògiri láìtì, 60 á padà sínú yàrá. 60 yẹn á lu ògiri kejì, 36 á padà. Bó bá tún lu ẹ̀kẹta, nǹkan bíi 22 ló kù. Ní ti dáàkì, 10 ló kọ́kọ́ máa padà. Bó bá lu ògiri kejì, ó ti ku 1. Bí gbogbo ara yàrá bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí a bá ro gbogbo ìdápadà yìí pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá láìtì á ju ìlọ́po méjì ti yàrá dáàkì lọ. Fèrèsé kan náà ni o, a ò lu ihò kankan sí ògiri.

Mo wá fi kún un pé pálọ̀ London ní fèrèsé ńlá, ó ní àtùpà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná kì í sì í lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ògiri lè jẹ lára rẹ̀ kó má ba nǹkan jẹ́. Yàrá Ìbàdàn ò ní èyí tí ó fẹ́ fi ṣòfò.

"Físíìsì lo lọ kà," Dádì London dá mi lóhùn, "o ò lọ kọ́ iṣẹ́ pẹ́ńtà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá mi tó wà lórí ìpè náà kàn ń wúkọ́. Lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ ni wọ́n pè mí lọ́tọ̀ pé ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ, pé ẹni tó ń gbé owó sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo gbà. Àmọ́ ó ku ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi léèrè.

Ní ìsinmi àárín sáà, mo gbé káàdì àwọ̀ lọ bá ìyá àgbà. Àwọn àpótí kéékèèké orí káàdì yẹn ò wúlò fún wọn rárá, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣàpèjúwe. Mo ní ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé tó mọ́, ìkejì jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú.

"Ewé wo?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé ewé kan ló wà nínú igbó ni?"

A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í to ewé. Àwọ̀ ewúro wà, ti ewédú wà, ti gbúre wà, ti ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ wà, ti ewé kòkó tó ti gbó wà, ti màrìwò náà wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá wa yanjú rẹ̀. "Èyí tí bàbá ẹ tó wà ní London ń fẹ́ yẹn, ewúro ni. Tìẹ, màrìwò ni."

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè á ti ka ìwé tí Brent Berlin àti Paul Kay kọ lórí orúkọ àwọ̀ lọ́dún 1969. Wọ́n ní orúkọ àwọ̀ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ kò pọ̀ bákan náà nínú gbogbo èdè, pé ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Àwa náà mọ̀ pé mẹ́ta làwọn baba wa fi ń ṣe ìpìlẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Abẹ́ dúdú ni àwọ̀ ewé tó ṣú àti àwọ̀ aró máa ń bọ́ sí. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe wá yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé Yorùbá ò mọ ewé yàtọ̀ sí èédú. Ẹni tó bá jókòó ti ìyá àgbà lọ́jọ́ náà á mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé tí àwọ̀ náà jọ ni wọ́n fi ń pè é, gbogbo ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀fọ́ rí á sì mọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Dúdú tí wọ́n sì pe ewúro, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí. "Ewúro dáa lójú ọ̀sán. Bílẹ̀ bá ṣú, ewúro àti òkùnkùn, ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

Inú mi ti ń dùn pé wọ́n gbè sẹ́yìn mi, àfi bí wọ́n ṣe tẹ̀ síwájú pé, "Màrìwò náà nìkan kọ́ o, Àṣàkẹ́. Ògiri tó wà níbí yìí, ṣebí ó mọ́ nígbà tí wọ́n kùn ún? Ilẹ̀kùn náà mọ́. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Kò sí èyí tó pe ara rẹ̀ fún mi nínú wọn."

Mo dìde lọ wo ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Kírímù ni ògiri, kírímù ni férémù, kírímù ni ilẹ̀kùn. Súwíìṣì iná náà, funfun. Àwa tí ojú wa dá ṣáká ò ní kíyè sí i láéláé, nítorí pé òjìji tín-ín-rín tó wà létí férémù ti tó fún wa láti fi mọ̀ ọ́n. Ojú tí gulọkómà ń bá jà kì í rí irú òjìji bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé e dán wò. Mo ra agolo kékeré kọ̀ọ̀kan, mo kun páálí ńlá méjì, ọ̀kan láìtì, ọ̀kan dáàkì, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn: pẹ́ńtì olómi sábà máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ má fi èyí tó wà nínú agolo ṣe ìdájọ́. Mo gbé páálí wọ̀nyí ti ògiri láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti lóru pẹ̀lú àtùpà alágbàáájì. Ìmọ́lẹ̀ ń yí àwọ̀ padà ju bí mo ṣe rò lọ. Lábẹ́ iná funfun, dáàkì ń fà sí aró. Lábẹ́ gílóòbù olómi ọsàn, láìtì ń pọ́n díẹ̀.

Ojú ìyá àgbà méjèèjì pàápàá ò fẹnu kò. Bí wọ́n bá fọwọ́ bo ọ̀tún, wọ́n ní láìtì ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá fọwọ́ bo òsì, wọ́n ní, "Ó ń dán gbinrin!" Dígí ẹyinjú tó ti gbó máa ń pọ́n bí omi tíì, kì í jẹ́ kí àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé wọlé dáadáa. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ńṣe ni àwọn àwọ̀ wọ̀nyí máa ń rọ́ wọlé. Claude Monet, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé tí gbogbo ayé mọ̀, gba irú iṣẹ́ abẹ yìí lọ́dún 1923 lẹ́yìn tí kàtáráàtì ti dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ sì yí padà lójú rẹ̀. Ilé rẹ̀ tó wà ní Giverny, àwọ̀ ewé ni wọ́n kun ilẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀ àti afárá tó wà lórí adágún omi rẹ̀. Bí ojú ènìyàn kan ṣoṣo bá lè rí ewé kan ní ọ̀nà méjì, ẹ wo bó ṣe nira tó fún ẹni tó wà ní London láti bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn yan àwọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yanjú. Aago mẹ́fà lọ́wọ́ àbọ̀, kò sí iná, ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé páálí dáàkì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọn ò rí i. Mo gbé láìtì, wọ́n ní àwọn rí nǹkan, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tó pin sí lára ògiri kírímù. Mo wá gbé dáàkì lé orí láìtì, mo jẹ́ kí láìtì yọ ní gbogbo etí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n na ìka sí i. "Ìyẹn nìyẹn. Ó ga tó àpótí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìbéèrè àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò pé. Ojú kì í dá àwọ̀ kan rí, ìyàtọ̀ àwọ̀ sí àwọ̀ ló ń rí. Láìtì nìkan á mú yàrá mọ́lẹ̀, kò ní fi ọ̀nà hàn. Dáàkì nìkan á gbé ìmọ́lẹ̀ mì. A nílò méjèèjì, ohun tó kù ni pé kí èyí tó ṣú bọ́ sí ibi tó yẹ kí ojú mú.

Ó ku bí a ṣe máa gbé e dé etí Dádì London. Ìlànà kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 8300, tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé kó lè rọrùn fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Nínú rẹ̀, wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé lórí òṣùwọ̀n 0 dé 100 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ògiri àti ilẹ̀kùn tó nǹkan bí 30, kí ẹni tí ojú rẹ̀ ò dáa lè rí ilẹ̀kùn. Láìtì 60, dáàkì 10: 50 ni ìyàtọ̀ wọn. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, mo fi fọ́tò páálí méjèèjì tì í. Mo tún rán wọn létí ilé olóògbé Taiwo Akinkunmi, ẹni tó ya àsíá Nàìjíríà tí wọ́n ta sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960. Àwọ̀ ewé àti funfun ni baba náà kun ilé rẹ̀ n'Íbàdàn. Funfun tó wà láàárín àsíá yẹn ló jẹ́ kí àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣeé rí láti òkèèrè.

Ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó pè. "Ṣé dáàkì mi á wà níbẹ̀?"

"Á wà níbẹ̀, sà. Ibi tí ọwọ́ ìyá àgbà ń gbà gan-an la fẹ́ kùn ún sí."

"Ó dáa. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Òkè ògiri jẹ́ láìtì, pẹ́ńtì olómi tí kì í dán, nítorí pé ògiri tó bá ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ojú tó gba iṣẹ́ abẹ. Ìsàlẹ̀, láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, jẹ́ dáàkì, sátìn tó ṣeé fi kànrìnkàn àti omi ọṣẹ nù. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ á ti rí irú ògiri aláwọ̀ méjì yìí rí, ìdọ̀tí ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n fi ń bò. Ilẹ̀kùn àti férémù jẹ́ dáàkì. Lẹ́yìn súwíìṣì funfun, a kun ojú ibi tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ ní dáàkì, kí ó lè yọ.

Níbi férémù, pẹ́ńtà fẹ́ fa ìlà dáàkì ìsàlẹ̀ lọ gbá férémù. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ó máa gún régé. Ṣùgbọ́n bí dáàkì bá gbá dáàkì, férémù á tún sọnù láti ìbàdí lọ sí ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ìlà náà dúró nígbà tó bá ku ẹsẹ̀ bàtà kan sí férémù ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ó fi láìtì dí àlàfo náà. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ìyá àgbà ló ti orí àga dá a lóhùn pé, "Bó ṣe wí ni kí o ṣe é, ọmọ mi. Ojú mi ni, kì í ṣe tìẹ."

Ohun méjì tó kù jẹ mọ́ owó àti ìlera. Mo wọn ògiri kí a tó rajà. Láìtì òkè gba agolo olólítà mẹ́rin méjì fún ẹ̀ẹ̀mejì kíkùn, nítorí pé ògiri àtijọ́ máa ń mu pẹ́ńtì. Dáàkì ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀kùn gba ẹyọ kan. Ẹni tó bá kun gbogbo yàrá ní dáàkì, tó bá tún fẹ́ dá a padà sí láìtì lọ́jọ́ iwájú, kó múra sílẹ̀ láti kùn ún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ní ti ìlera, pẹ́ńtì olóróró tó ti pẹ́ lára ilẹ̀kùn lè ní òjé nínú. Èròjà pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n fi òjé ṣe ni wọ́n máa ń po mọ́ aró láti fi rí àwọ̀ ewé, nítorí náà àwọ̀ ewé ò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń wá kí ìyá àgbà. A ò jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà gbígbẹ ha ilẹ̀kùn náà. A fi omi rin ín kí a tó ha á, a sì kó gbogbo èérún rẹ̀ jáde sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá ń ra pẹ́ńtì tuntun, ẹ wo ara agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí òjé nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé ń gbà wá nímọ̀ràn pé kò gbọdọ̀ kọjá ni 90 nínú mílíọ̀nù kan.

Láti ìgbà tí pẹ́ńtì ti gbẹ títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, èjìká ìyá àgbà ò tíì gba férémù. Ọdún tuntun ti dé, ó ti kọjá, kò sí ẹni tó dárúkọ Èkó. Mi ò sọ pé pẹ́ńtì wo gulọkómà sàn. Dókítà ti sọ pé ojú òsì lè máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí a bá tilẹ̀ ń kán oògùn, ọjọ́ kan sì lè dé tí 50 pàápàá ò ní tó. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wọn á ṣì mọ ògiri náà. Wọ́n ṣì ń fọwọ́ tọ́ ọ báyìí. Kìkì pé ipa rẹ̀ ò hàn mọ́, nítorí pé dáàkì Dádì London bò ó.

Fún àwa tí a fẹ́ gba yàrá ní sáà tó ń bọ̀: ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó dá oníṣọ́ọ̀bù lóhùn, ẹ bi ara yín pé aago mélòó lẹ máa ń wà nínú yàrá náà jù, ibo ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kí lẹ fẹ́ kí ojú máa rí lára ògiri náà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì nínú yàrá, tí ẹnì kejì yín ń lo awò ojú, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ kun páálí, ẹ gbé e ti ògiri, kí ẹ jọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò síná.